Fóònù Kì í Dúró De Ọmọ

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo lérò pé ara yín le, pé ara ìyàwó yín náà dá ṣáṣá, àti pé ẹ̀rọ ìránṣọ yín kò yọ yín lẹ́nu. Ara tèmi le. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi, ẹ̀yin ni mo sì ń bínú sí. Níwọ̀n ìgbà tí mo ti kúnlẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Lánàá tí mo yà sí ṣọ́ọ̀bù yín, Ọ̀gá Kékeré, ọmọ yín, wà lábẹ́ tábìlì tí ẹ fi ń gé aṣọ, fóònù yín lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn mi ni mo gbọ́ nínú rẹ̀! Orin bàtà wa ni, ó ń kọ léraléra. Mo pe ọmọ, kò wojú mi. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Tíṣà Olórin, mo ti bá ẹ dín iṣẹ́ kù. Kì í sunkún mọ́!"

Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí dókítà sọ pé ọ́tísíìmù ni kì í jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tàbí wojú ẹni, ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbé e wá sí iyàrá ìṣeré wa, níbi tí mo ti ń fi orin kọ́ àwọn ọmọ bíi tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni mo ti ń jókòó sórí ẹní níwájú rẹ̀. Mo máa ń kọ ọ́ pé, "Bàtà dà? Bàtà rèé. Ẹsẹ̀ dà? Ẹsẹ̀..." Màá wá dákẹ́, màá gbé bàtà sókè, màá dúró dè é. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó wo bàtà, ó wo ojú mi, ó ní, "Èé!" Díẹ̀ ló kù kí n fò kan àjà.

Ìdákẹ́ yẹn ni ẹ ní kí onífọ́tò ṣọ́ọ̀bù kejì gé dànù nínú orin mi tí ẹ gbà sílẹ̀ sórí fóònù! Ẹ wá fi ohùn yín dí i bí ẹni lẹ aṣọ tó ya: "Rèé!" Ẹ ní ẹ rò pé mo gbàgbé orin ni, torí òkè òkun ni mo ti kàwé. Lóòótọ́, Yorùbá mi ṣì ń kọsẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé nǹkan kan. Àyè ọmọ yín ni ẹ gbà lẹ́nu rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Lórí ẹní tiwa, èmi ni mo gbọ́dọ̀ dákẹ́ kí tara ọmọ má bàa dákẹ́. Ṣé ẹ máa ń gé aṣọ fún ẹni tí ẹ kò wọ̀n ni? Fóònù kò wọn ọmọ yìí rárá.

Nítorí náà, ẹ pa orin yẹn rẹ́ lónìí. Ẹ fi ẹnu ara yín kọ ọ́ fún un. Tí ẹ bá dé "ẹsẹ̀", ẹ fi eyín di téèpù ìwọnṣọ yín mú, kí ẹ sì dúró.

Kí Olódùmarè jẹ́ kí ọmọ yìí pè yín, kí ó bá yín níbi tí ẹ ti ń gbọ́. Kí ojú má ti ìyá rẹ̀. Kí ọwọ́ yín má gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́.

Èmi ni àbúrò yín obìnrin, tó ń bínú tìfẹ́tìfẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Ìyàwó yín ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí. Ó ní iná tán lórí fóònù, ọmọ sì gbé bàtà kan wá lé yín lẹ́sẹ̀, ó ń wo ẹnu yín. Ó ní ẹ kọrin náà délẹ̀ láìmí! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi! Ó ní ọmọ ti padà lọ gbé bàtà kejì. Ẹ dákẹ́ fún ìyẹn.