Màdáàmù Ń Dún Kẹ́, Kò Dáhùn

Àlàmísì, 7 oṣù kẹjọ, 2025

Sàlàkọ́ mẹkáníìkì tún sítátà Màdáàmù ṣe lónìí. Màdáàmù ni píkọ́ọ̀pù mi. Rùkàyyàt ìyàwó mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní bí mo ṣe ń nu ọkọ̀ yìí, n kò ṣìkẹ́ òun tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan péré – gààà! Sàlàkọ́ mọṣẹ́.

Gbogbo àdúgbò ń wò. Látìgbà tí mo ti Àbíjàn dé, ojú kì í kúrò lára mi. Lẹ́yìn ìrun Àsárì mo yọ́ lọ sọ́dọ̀ àáfà kan ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Wọ́n ṣe tírà ààbò kékeré fún mi, ọ̀rá ni wọ́n fi wé e. Wọ́n ní kí n fi há ibikíbi nínú ọkọ̀. Níbo ni ẹ̀mí ọkọ̀ wà? Orí bátìrì. Mo tú irin tó so wáyà mọ́ ọn, mo ki tírà sábẹ́ rẹ̀, mo fọwọ́ dè é padà.

Èmi tí mo dìde ní mọ́sálásí nígbà ààwẹ̀, tí mo ní ẹbọ ni tírà! Ó dáa. Kò ṣáà sẹ́ni tó rí mi.

Jímọ̀, 8

Kẹ́. Kẹ́. Kẹ́. Iná iwájú ń tàn, Màdáàmù kò dáhùn. Iṣu sì ń dúró dè mí ní Isundunrin.

Mo ránṣẹ́ pe Sàlàkọ́. Ó sáré dé, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo orí bátìrì." Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Mo pariwo mọ́ ọn pé kó má fọwọ́ kan bátìrì mi! Ó wò mí. Ó dákẹ́. Ó rọra pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé.

Ìdákẹ́ yẹn ló bí mi nínú. Mo ní sítátà gidi mi ló yọ, tó fi àlòkù dípò. Níwájú gbogbo èèyàn. Ó ní kí n má bínú. Èwo ni kí n má bínú? Olè ló ń bẹ̀bẹ̀.

Sátidé, 9

Mo sọ ọ́ ní garaàjì. Mo tún sọ ọ́ sórí fóònù fún ẹgbẹ́ àwa ará Àbíjàn. Ohùn mi ròkè lálá.

Àtìní, 11

Kẹ́.

Àlàrùba, 13

Rùkàyyàt lọ sọ́jà. Mo ní kí n yẹ tírà wò, bóyá òjò ti pa á. Irin orí bátìrì ń mì bí eyín arúgbó. Ọ̀rá tírà ló há sáàárín, iná kò rọ́nà kọjá dáadáa. Mo yọ ọ́. Mo fi sáńpépà nu ibẹ̀, mo fi sípánà dè é le. Mo yí kọ́kọ́rọ́.

Gààà. Lẹ́ẹ̀kan.

Mo pa á. Mo gbórí lé sítíárì. Yé è, Gàníyù, kí lo ṣe yìí?

Rùkàyyàt dé, ó bi mí ta ló tún un ṣe. Mo ní mẹkáníìkì kan láti Òṣogbo ni, ó bá mi pààrọ̀ sítátà. Irọ́ gbuu. Irọ́ yẹn tún fi èdìdì di orúkọ olè mọ́ Sàlàkọ́ lára.

Jímọ̀, 15

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun. Mo wọ bàtà mi, mo lọ sílé.

Sọ́ńdè, 17

Ajíbóyè onítáyà wá kí mi kú oríire. Ó ní ọkọ̀ mẹ́ta tó wà lọ́dọ̀ Sàlàkọ́, àwọn tó ni wọ́n ti wá wọ́ wọn lọ. Ó ní nídìí ẹ̀rọ omi, wọ́n ń pe Leah, ìyàwó rẹ̀, ní ìyàwó olè. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ojú ara mi tì mí.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ọwọ́ mi ló ti bọ́.

Àtàláátà, 19

Mo wa Màdáàmù kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Sàlàkọ́. Kò sí ọkọ̀ kankan níbẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi o! Mi ò dúró.

Àlàmísì, 21

Mo lọ bá a. Òun nìkan ló wà níbẹ̀. Mo yọ tírà lápò, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà – ojú ń tì mí láti kọ ọ́ – mo ní kó jẹ́ ká sọ fáráyé pé ìpẹtà orí bátìrì ló fà á, ká má dárúkọ tírà.

Ó fi àkísà nuwọ́ títí. Ó ní òun ti rí etí ọ̀rá náà láti àárọ̀ Jímọ̀ ọjọ́sí. Ó ní òun rò ó pé Bàbá yìí ni wọ́n ń fetí sí ní mọ́sálásí, bí òun bá fà á yọ níwájú èrò, àṣírí Bàbá á tú. Òun bá pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Òun rò pé bí òun bá ti lọ, màá yọ ọ́ fúnra mi, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ó ní, "Mo ti ń retí yín, Bàbá."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Mò ń pè é lólè, ó ń bo àṣírí mi.

Kò dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ ìpẹtà. Kò sì bẹ̀ mí pé kí n sọ òótọ́.

Jímọ̀, 22

Lẹ́yìn ìrun, mo dìde. Mo gbé tírà náà sókè kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè rí i. Orúkọ Sàlàkọ́ ni mo kọ́kọ́ pè, mo ní kì í ṣe olè.