Orin Ẹ̀ẹ̀kan Lójúmọ́

“Pa orin yẹn, ọmọ yìí! Àbí o fẹ́ pa ẹ̀gbọ́n ẹ ni?”

Bí Màmá ṣe pariwo mọ́ mi gan-an nìyẹn, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n jókòó ti maṣíìnì ìránṣọ, kí n bá àwọn kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n mi olórin nílùú ńlá. Ohun tí wọ́n ní kí n kọ rèé:

Ọmọ mi, akọ́bí mi, ṣé dáadáa lo wà, ṣé ọ̀fun ò dùn ẹ́? Ọlọ́run tó fi ohùn sí ẹ lọ́fun kò ní jẹ́ kó há. Àlàáfíà la wà, àfi maṣíìnì mi tó ń já òwú, àti àbúrò ẹ tó ń fajú ro láìnídìí.

A ti gbọ́ orin tuntun tí ìwọ àti àwọn ọ̀rẹ́ ẹ mẹ́ta ṣe, èyí tí jìtá ti ń ké bí ẹni tí ìka ẹ̀ há sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó dùn, mi ò ní parọ́. Àmọ́ mo rí nọ́ńbà abẹ́ ẹ̀, àbúrò ẹ sì ní irinwó èèyàn ló ti gbọ́ ọ. Ọmọ mi, ìgbà wo lo wá ń jẹun? Mo mọ bí fóònù ṣe ń ṣe, bí mo bá pè ẹ́, wàá dá mi lóhùn, bóo tilẹ̀ ń wẹ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹni tó bá tẹ orin yẹn ń gbé ẹ dìde kọrin. Abájọ tí ohùn ẹ fi há lọ́jọ́sí, tóo ní ọ̀fìnkìn ni. Ta lò ń tàn?

Mi ò káwọ́ gbera. Mo lọ bá káfíńtà tó ń tẹ̀ ẹ́ látàárọ̀ bó ṣe ń fá pákó, mo ní kó ṣàánú ọmọ ọlọ́mọ. Onídìrí ní àwọn oníbàárà òun fẹ́ràn ẹ̀, mo ní kí gbogbo wọn péjọ gbọ́ ọ pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni òfin àdúgbò báyìí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, kí ìwọ náà lè ti jẹun.

O tún ní kò sí ilé-iṣẹ́ orin kankan lórí yín, pé ẹ dá dúró. Ta ní ń kọ́ṣẹ́ láìní ọ̀gá? Bí kò bá sẹ́ni tó fẹ́ gbà yín, èmi á gbà yín. Ọmọ méje ni mo ti kọ́ ní iṣẹ́ aránṣọ, kò sí èyí tí ohùn ẹ̀ há.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra oyin, kí n lè fi oyin náà ránṣẹ́ sí ẹ. Ibikíbi tóo bá ti lanu, ire ni kó máa wọbẹ̀. Èmi ìyá ẹ ni.

Mo ti lẹ lẹ́tà náà pa. Ohun kan wà nínú iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi rán sórí fóònù tí mi ò kà fún Màmá: bí iye ẹni tó gbọ́ orin náà ò bá pé ẹgbẹ̀rún kóṣù tó parí, wọ́n á tú ẹgbẹ́ ká. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni, torí inú ń bí mi. “Ilé kún, kò sẹ́ni tó rí mi.” Inú ìwé àkọsílẹ̀ mi yìí ni ẹ̀gbọ́n mi ti jí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà tó wálé, òun ni wọ́n ń kọ nínú orin náà báyìí.

Lọ́la, bí Màmá bá ti jáde lọ wọn oníbàárà, mo máa lọ sọ fún káfíńtà àti onídìrí pé Màmá ní ẹ̀gbọ́n mi ti sinmi tó, kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ̀gbọ́n mi gan-an ò ní mọ̀. Kì í ṣe torí ẹ̀ náà ni. Ọ̀rọ̀ tèmi ni wọ́n á máa gbọ́.