Ayaba Onídà Tó Ń Tẹ̀lé Mi

Yàrá Tó Kọjú sí Títì, Àjà Kejì,
Ẹ̀yìn Ilé Ìtẹ̀wé.
Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú àtijọ́ o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Orúnkún yín ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn yín tó lóun ò ṣe ìdánwò mọ́? Mo mọ̀ pé ẹ ti bá a sọ ọ́ bó ṣe rí, nítorí ẹ̀yin náà ni wọ́n ń pè ní Sọ-ọ́-bó-ṣe-rí nínú ẹbí wa. Ara àwa náà le níbí. Àwọn ọmọ ń dàgbà, bàtà wọn ni kò fẹ́ dàgbà bá wọn. Ọkọ mi wà nínú yàrá, ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ilé ìdáná ni mo jókòó sí tí mò ń kọ ìwé yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ fi àwàdà dá yín lára yá, àmọ́ mi ò lè fi í pa mọ́.

Ẹ rántí pé ìdí ẹ̀rọ tó ń gé ìwé ni mo wà níbi iṣẹ́, ẹ̀yin lẹ tiẹ̀ sọ mí ní Àlùmọ́gàjí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, káàdì la ń tẹ̀. Táróòtì ni wọ́n ń pè é, èyí táwọn kan máa ń tò sórí tábìlì láti fi wo ohun tó ń bọ̀ wá bá èèyàn. Àwọn ará ààfin wà nínú rẹ̀, ìdílé mẹ́rin: ti idà, ti ife, ti ọ̀pá àti ti owó. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní ọba, ayaba, ẹlẹ́ṣin àti ìránṣẹ́ tirẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì, tá a bá fẹ́ ṣíwọ́, a máa ń ṣa àwọn ará ààfin tó bà jẹ́ jáde nínú páálí ìdọ̀tí, a ó da ojú wọn dé, kálukú á sì fa ọ̀kan. Ẹni tó bá fa ọba á máa lọ sílé. Ẹlẹ́ṣin á ti fèrèsé, ìránṣẹ́ á gbálẹ̀, ayaba á nu ẹ̀rọ. Eré lásán ni, àmọ́ ẹ wá wo bí àwọn àgbàlagbà ṣe ń jà sí i.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo fa Ayaba Onídà, mo nu ẹ̀rọ, mo bá tèmi lọ. Lọ́sẹ̀ kejì, òun náà ni. Lọ́sẹ̀ kẹta, òun náà tún ni, ara mi bá bù máṣọ. Obìnrin kan ló jókòó sórí àga olókùúta. Kò kọjú síni, ẹ̀gbẹ́ ló kọ, bí ẹni tó ti rí nǹkan tí ẹlòmíì ò tíì rí. Ó gbé idà nàró lọ́wọ́ ọ̀tún, ó na ọwọ́ òsì síwájú. Labalábá ni wọ́n fi ṣe adé rẹ̀. Ìkùukùu kún ìsàlẹ̀ ojú ọ̀run, ẹyẹ kan ṣoṣo ló ń fò lókè.

Mo mú káàdì náà tọ ọkùnrin tó ń yẹ ìwé wò fún wa lọ. Kọ́mà la ń pè é, torí kò lè sọ̀rọ̀ títí kó má dánu dúró. Ó ní idà yẹn ni ọ̀rọ̀ tó ń gé irọ́ kúrò lára òtítọ́. Ó ní ìkùukùu yẹn ni ìbànújẹ́ tó ti là kọjá, orí ayaba náà ṣáà ti yọ kọjá ìkùukùu. Labalábá ni pé ìyà ti sọ ọ́ di ẹlòmíì. Ọwọ́ tó nà ni pé kí ẹni tó bá ní òtítọ́ lẹ́nu súnmọ́ òun. Mo bi í pé irú obìnrin wo wá ni. Kọ́mà dánu dúró. Ó ní láyé àtijọ́, opó ni wọ́n máa ń kà á sí. Ó tún ní kì í ṣe dandan o, àmọ́ etí mi ti di.

Ẹ mọ iṣẹ́ ọkọ mi. Ara ilé gogoro ló ń kùn, orí pákó tí wọ́n fi okùn so rọ̀ ló sì ń dúró sí. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí iṣẹ́, ọ̀la gan-an ló sì máa gun ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà láti kùn. Látọjọ́ tí Kọ́mà ti sọ̀rọ̀ yẹn, tí ọkọ mi bá wọlé, màá fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ bí ẹni ń bá a gbọn eruku. Ó bi mí lọ́jọ́ kan bóyá mò ń wọn òun láti gé òun bí ìwé ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo wọ balùwẹ̀ lọ sunkún.

Àfi lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Mo gbé odidi ìwé tí wọ́n tẹ gbogbo káàdì sí sórí ẹ̀rọ, kí n tó gé e, mo rí i pé igun tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé fi ń di ìwé mú ni Ayaba Onídà wà. Ibẹ̀ ni ọ̀dà máa ń fà sí, kò sí ìgbà tí kì í bà jẹ́. Òun ló kún páálí ìdọ̀tí fọ́fọ́! Ìyá tó ń di káàdì ti fà á rí. Kọ́mà alára ti fà á, ó sì nu ẹ̀rọ láìjanpata. Kò sí ẹni tó rò pé òun di opó, èmi nìkan ni. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

Mo rò pé ẹ̀rù náà máa lọ. Kò lọ, ńṣe ló le sí i. Kí n tó fojú kan ayaba yẹn rárá ni mo ti rí ọkọ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan tó dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, tó di ògiri mú, tó dijú, tó ń dúró de yàrá kó má yí mọ́. Mo tún rí i lórí àtẹ̀gùn. Ó ní ọrùn ló rọ́ òun lójú oorun. Mo gbà, torí ó wù mí kí n gbà. Ẹ̀gbọ́n mi, káàdì yẹn kọ́ ló gbé ẹ̀rù wá bá mi. Èmi ni mo gbé ẹ̀rù mi lé e lórí.

Láàárọ̀ yìí, mo sọ ọ́. Mo ní mo ti rí i pé òòyì ń kọ́ ọ. Ó búra pé irọ́ ni. Mo ní kó gun àpótí kékeré tí mo fi ń mú àwo lókè, kó gbójú wo àjà. Ó rẹ́rìn-ín, ó gùn ún. Àpótí tí kò ga dé orúnkún! Bó ṣe gbójú sókè báyìí, ó ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ èjìká mi, kò sì tètè tú u. Ohùn tó fi sọ̀rọ̀, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ rí.

“Jọ̀ọ́, má sọ fún ọ̀gá mi.”

Mo ní màá sọ. Mo ní èmi ni màá ṣíwájú ẹ dé ibi iṣẹ́ ẹ lọ́la. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ látìgbà yẹn. Àwọn búrọ́ọ̀ṣì tó ń fọ̀ yẹn ti mọ́ látàná. Bẹ́líìtì tó fi ń so ara rẹ̀ mọ́ okùn wà lábẹ́ tábìlì níbí, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí mo ṣe ń kọ̀wé, torí ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè yọ́ jáde kí n tó jí.

Ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó ń pè yín ní Sọ-ọ́-bó-ṣe-rí nígbà tí ọkọ yín wà láyé. Ẹ kì í sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Mo rántí bó ṣe máa ń fọwọ́ tẹ àyà tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀, tẹ́yin á sì yíjú sí ìkòkò tẹ́ ẹ̀ ń rò. Ọmọdé ni mí, mo rò pé ẹ ò rí i ni. Mi ò bi yín léèrè rí, mi ò sì ní bi yín báyìí.

Ìwé yìí ò lè dé ọ̀dọ̀ yín kílẹ̀ ọ̀la tó mọ́. Nígbà tẹ́ ẹ bá fi máa kà á, ó ṣeé ṣe kí n ti di obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kì í dá lóhùn nínú ilé. Mo gbà. Kó ṣáà wà láyé kó máa bínú sí mi.

Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ, ẹ bá mi kí ìyá tó ń gbé lódìkejì yín. Ẹ tọ́jú orúnkún o.

Èmi ni àbúrò yín tí àyà rẹ̀ ń já,
Àlùmọ́gàjí.