Gbèsè Iná tí Ẹ Bá Mi Foríjì

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ sì kú ìtọ́jú Nímọ̀tá ìyàwó mi àti Àmínátù ọmọ wa tí mo fi sílẹ̀ sí yín lọ́wọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti ibi tí mo wà. Mo kí Bàbá, mo kí Àǹtí Sìkírá, mo sì kí gbogbo agboolé wa ní Ìlobù. Ara mi le. Lẹ́yìn ara líle, kò sí ohun rere púpọ̀ láti ròyìn.

Òtútù ti dé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú ní ìlú òyìnbó níbí báyìí. Iṣẹ́ mi ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ń lọ. Bàbá kan níbẹ̀ máa ń fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè mí, mo sì máa ń jẹ́ ẹ, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń pè mí ní ọmọ níbí.

Ọ̀rọ̀ owó iná àti gáàsì ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí èyí tí ẹ gbọ́ kò pé. Ẹ mọ̀ pé àwa mẹ́ta la jọ gba ilé: èmi, Bùrọ̀dá Ṣàkírù ọmọ Ìfọ́n tó múlé ti Ìlobù wa, àti Ìdírísù àbúrò rẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé, orúkọ mi ni ilé-iṣẹ́ oníná sì kọ sílẹ̀. Àdéhùn wa ni pé kí a máa pín owó náà sí mẹ́ta lóṣooṣù. A kò kọ ọ́ síwèé. Ọmọ Ìlobù wo ni yóò gbé bírò fún ọmọ Ìfọ́n tó jù ú lọ, pé kó fọwọ́ síwèé kí wọ́n tó jọ sùn sábẹ́ òrùlé kan? Yóò dà bí ẹni pé mo ti pè é lólè kó tó sọ báàgì kalẹ̀. Àṣìṣe mi nìyẹn, n kò dá ẹlòmíràn lẹ́bi rẹ̀.

Oṣù méjì ni wọ́n san. Fún oṣù mọ́kànlá lẹ́yìn náà, bí mo bá ti kí Bùrọ̀dá Ṣàkírù tán tí mo fi ọ̀wọ̀ mẹ́nu kan owó, á ní kí n ṣe sùúrù, á sì ṣàdúrà fún mi. Nígbà tó yá, àdúrà tán, ó wá ń pè mí ní Ọ̀gá Oníná. Ó bi mí pé ṣé ìjọba ìbílẹ̀ ló rán mi wá gba owó orí lọ́wọ́ òun ni. Ìdírísù ní tirẹ̀ á fi omi gbígbóná wẹ̀ títí ooru á fi bo dígí, bí mo bá sì sọ̀rọ̀, á ní òtútù ìlú yìí kò mọ ẹni tó jẹ gbèsè. Mo ń san tèmi, mo sì ń san díẹ̀ nínú tiwọn, títí ọwọ́ mi kò fi ká a mọ́. Ilé-iṣẹ́ náà fa ọ̀rọ̀ lé àwọn agbowó-gbèsè lọ́wọ́, orúkọ mi sì bàjẹ́ nínú ìwé tí àwọn onílé máa ń yẹ̀ wò.

N kò tíì sọ ohun tí èyí jẹ́ fún yín rí. Kí ìjọba ibí tó gba Nímọ̀tá àti Àmínátù láyè láti wá bá mi, mo gbọ́dọ̀ fi hàn pé mo ní ilé tó tó wa gbé. Mo rí ilé oníyàrá méjì kan tí agbára mi ká. Obìnrin tó ń bójú tó o wo ìwé náà, ó ní kí n má bínú, òun kò lè gbé e fún mi.

Ni mo bá sọ fún Bùrọ̀dá Ṣàkírù pé màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù. Mo gba fọ́ọ̀mù, mo kọ ọ́ dé ìdajì. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá a ní kíṣínì. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi, òun tó fi ọdún méje jù mí lọ. Ó ń dúpẹ́. Ojú tì mí, mo fà á dìde, mo sì rò pé owó ti dé. Mo tilẹ̀ ti ń ronú bí mo ṣe máa sọ ọ́ fún Nímọ̀tá. Àfi ìgbà tó ní kí Ọlọ́run bá òun san oore náà fún yín, pé ẹ ti ní ó ti tán.

Mo pè yín, ẹ sì ròyìn rẹ̀ fún mi. Ẹ ní ìyá wọn gun ọ̀kadà wá láti Ìfọ́n, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà yín, bẹ́ẹ̀ ó jù yín lọ dáadáa. Ẹ ní kí lẹ ó ti ṣe, pé ẹ̀yin náà kúnlẹ̀, ẹ ní nítorí Ọlọ́run, ọmọ yín ti fi jì wọ́n. Ọ̀rọ̀ iná ni wọ́n pè é fún yín, ẹ sì rò pé bíi ti owó iná agboolé ni, èyí tí a máa ń jà lé lórí láàárọ̀ tí a ó ti gbàgbé rẹ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

N kò bínú, Màámi. Ká ní èmi ni mo wà níbẹ̀, ohun tí ẹ sọ náà ni ǹ bá sọ. Ṣùgbọ́n n kò lè pẹjọ́ mọ́. Bí mo bá pe ẹjọ́ náà, mo ti sọ yín di òpùrọ́ lójú ìyá àgbà tó kúnlẹ̀. Mo ti fa fọ́ọ̀mù náà ya. Àwọn méjèèjì kó jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọn kò sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Èmi nìkan ló kù nínú ilé tí n kò lè dá san owó rẹ̀. Mo ti pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, jákẹ́ẹ̀tì ni mo ń wọ̀ sùn.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀ yín fún. Nímọ̀tá ti ń wá ẹni tí yóò gba ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Òṣogbo. Ẹ má jẹ́ kó ta ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é láti sọ òótọ́ fún un. Ó ń béèrè irú bàtà tí òtútù fẹ́, n kò sì lè sọ ọ́. Ẹ ti bá mi sọ ọ̀rọ̀ kan tán lẹ́yìn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ èyí náà, kí ẹlòmíràn nínú agboolé tó gbọ́ ohun tó wà nínú lẹ́tà yìí. Ẹ pè é jókòó, kí ẹ sọ fún un pé kì í ṣe ọdún yìí ni wọn yóò wá bá mi, kì í sì í ṣe èyí tó ń bọ̀. Bó bá béèrè pé ìgbà wo wá ni, ẹ má dá ìgbà kankan fún un.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀yin àti Bàbá sí, kó fún ìyá Ìfọ́n náà ní ẹ̀mí gígùn. Kò ṣẹ̀ mí. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ẹ sì bá mi pọn Àmínátù.

Èmi ni ọmọ yín,
Lùkúmánù