Béèsì Tó Ní Orúkọ Mi Lára, Tí Èmi Kò Ta

Yàrá Ìránṣọ,
Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ,
Ilé Ìwòsàn Ńlá,
Òpópónà Ilé Omi.

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù kẹsàn-án.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ẹ̀bùn Àwọn Olórin,
Àjà Kejì, Ilé Iṣẹ́ Ètò Orin,
Òpópónà Ilé Ẹjọ́.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ Ẹ YỌ ORÚKỌ MI KÚRÒ LÓRÍ ÀWO ORIN "A TÚN TI PÉ" TI ẸGBẸ́ GÌRÌGÌRÌ, ÀTI ÌDÍ TÍ N KÒ FI LÈ FỌWỌ́ SÍ FỌ́Ọ̀MÙ YÍN

Mo rí lẹ́tà yín gbà ní ọjọ́ Ajé tó kọjá. Ẹ kí mi kú oríire. Ẹ ní nínú gbogbo àwo orin fọ́ńkì ọdún yìí, béèsì tó wà lórí tiwa ni etí yín yàn láàyò, ẹ sì fẹ́ kí n wá gba ẹ̀bùn rẹ̀ níwájú èrò. Ẹ fi fọ́ọ̀mù kan sínú àpò ìwé náà, èyí tí a ó fi jẹ́rìí pé àwa tí orúkọ wa wà lẹ́yìn páálí àwo yìí la fi ọwọ́ ara wa lo ohun èlò tí wọ́n kọ síwájú orúkọ wa. Àwọn mẹ́rin yòókù ti fọwọ́ sí i kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mo dá a padà fún yín báyìí. Àyè tèmi ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni yóò sì ṣe wà, torí èmi kọ́ ni mo ta béèsì yẹn.

Kí ẹ má baà rò pé orí mi ti dàrú, ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwa márùn-ún la dá Gìrìgìrì sílẹ̀ ní ọdún mẹ́rìnlélógún sẹ́yìn: àbúrò mi ọkùnrin tó ń kọrin, onílù, onígìtá, obìnrin tó ń fun sasofóònù, àti èmi tí mò ń ta béèsì, gìtá olókùn mẹ́rin tó ń dún nísàlẹ̀ orin. Onílù ló sọ mí ní Ìgbẹ̀yìnlódùn, nítorí pé ìlù rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ balẹ̀ kí ìka mi tó dé. Ó máa ń ní èmi ni yóò pẹ́ dé ibi ìsìnkú ara mi. Ìpẹ́dé yẹn kò tó kí èèyàn ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé ìdí àwọn èèyàn kúrò lórí àga. Ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ àwo wa mẹ́ta àkọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà olúkúlùkù gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ, ọ̀nà sì là fún wọn. Àbúrò mi di ẹni tí wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀ sára bọ́ọ̀sì. Onílù ń bá àwọn olórin ńláńlá rìnrìn àjò. Onígìtá ń fi kọ̀ǹpútà ṣe orin fún fíìmù. Obìnrin onísasofóònù dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì ti ṣe àwo méjì. Èmi padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní ilé ìwòsàn yìí, mò ń rán aṣọ ibùsùn àti aṣọ nọ́ọ̀sì. N kò jowú wọn rí. Mo ra gbogbo àwo wọn, títí kan èyí tí àbúrò mi fi orin ìfẹ́ kún débi tó fi sú ìyàwó rẹ̀ gan-an.

Ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún ìka àárín ọwọ́ òsì mi dé egungun. Àbúrò mi wá kí mi lọ́jọ́ náà, òun ló dì mí mú tí dókítà fi rán an. Ìka náà kò ká mọ́. Ó gbà mí ní ọdún kan àbọ̀ kí n tó fi àwọn ìka tó kù tún béèsì kọ́. Ọ̀sán ni mo máa ń ṣe é, nínú yàrá ìránṣọ yìí, nígbà tí àwọn yòókù bá lọ jẹun. Ọkùnrin tó ń lọ aṣọ ní yàrá kejì máa ń ṣàròyé pé bí orin mi bá ti ń yá, ọwọ́ òun náà á máa yá, òun á sì fi irin jó aṣọ dókítà. Òun nìkan ló mọ̀ pé mo ṣì ń ta béèsì. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn mẹ́rin tó bi mí.

Ní ọdún tó kọjá, àbúrò mi wá jókòó lórí òkìtì aṣọ nínú yàrá yìí, ó ní ká tún pé jọ ká ṣe àwo kan sí i. Mo sunkún lójú rẹ̀, ojú kò tì mí. Wọ́n fi orin mọ́kànlá ránṣẹ́ sí fóònù mi, mo sì kọ́ gbogbo rẹ̀ ní àkọ́yé. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan wọ́n pè mí sí sítúdíò. Èmi àti ẹnjiníà nìkan la wà níbẹ̀. Ó ní kí n ta ohùn kan ṣoṣo, kí n jẹ́ kó kú tán. Kí n ta èyí tó tẹ̀ lé e. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí a fi dé òpin okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní kí n tún un ta ní jẹ́jẹ́, kí n tún un ta kíkankíkan. Aago mẹ́sàn-án la bẹ̀rẹ̀, ó ti lé ní aago kan ọ̀sán kí ó tó ní ó tó. Mo rò pé wáyà ló ń dán wò. Mo tilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ gba sùúrù ju ti aránṣọ lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. Nígbà tí mo bèèrè ìgbà tí àwọn yòókù máa dé kí a lè bẹ̀rẹ̀, ó ní wọn yóò pè mí.

Wọn kò pè mí mọ́. Àwo náà ló dé.

Mo rí i kà lẹ́yìn páálí rẹ̀ pé "Béèsì: Ìgbẹ̀yìnlódùn". Mo gbé e sórí ẹ̀rọ, mo jókòó. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ohùn okùn mi ni. Mo mọ̀ ọ́n bí ìyá ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú orin mọ́kọ̀ọ̀kànlá, kò pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ń bá ìlù balẹ̀ gẹ́lẹ́, bí ẹni tí wọ́n fi pàṣán dúró tì. Ìgbà náà ni ohun tí mo fi wákàtí mẹ́rin ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn tó yé mi. Wọ́n ti gba ohùn mi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó o sínú kọ̀ǹpútà, onígìtá sì jókòó tì í, ó tò ó bó ṣe wù ú.

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi. Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì jó wọ yàrá wa. Olóòtú kan sọ lórí rédíò pé ọwọ́ màmá yìí kò tíì gbó. Mo ní ẹ ṣeun. Mo jẹ́wọ́ rẹ̀ fún yín: odindi ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi ń sọ pé ẹ ṣeun, torí ojú ń tì mí láti sọ pé wọn kò pè mí. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn nínú ọ̀rọ̀ yìí, n kò sì ní fi pa mọ́.

Ní ọjọ́ kẹwàá mo dìde, mo lọ bi wọ́n léèrè. Wọ́n ní onígìtá wà nípàdé. Onílù kò gbé fóònù. Obìnrin onísasofóònù sunkún, ó ní òun rò pé wọ́n ti gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Àbúrò mi nìkan ló jókòó dá mi lóhùn, ohun tó sì sọ nìyí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ìka yín ni mo rò. Mi ò fẹ́ kí ẹ tẹ́ lójú gbogbo ayé."

Ó dùn mí wọra. Ká ní wọ́n kórìíra mi ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa bínú. Ẹni tó di ọwọ́ mi mú lọ́jọ́ ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn kò fi ọdún mẹ́jọ bi mí bóyá mo ṣì lè ta béèsì. Ó dá ẹjọ́ náà láìgbọ́ tẹnu mi, ó gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ rọ́pò mi, wọ́n sì fi orúkọ mi bò ó mọ́lẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Àwọn tí mo fi ẹnu ara mi sọ fún pé kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n lọ ṣe dáadáa, àwọn ló gbẹ̀yìn bẹbọ mi jẹ́.

Òfin yín ní bí ẹnìkan kò bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, gbogbo àwo náà yóò kúrò nínú ìdíje. Wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé, àbúrò mi ti wá lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tí òwú àti àjákù aṣọ kún. Ìyá wa náà pè mí, wọ́n ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo bi wọ́n léèrè pé ta ló kó ẹrù ta ni nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní kí n rántí pé ọmú kan náà la jọ mu. Mo rántí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti mú bírò láti fọwọ́ sí i, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì gbé bírò náà sílẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín kí ẹ yọ orúkọ mi kúrò lórí àwo yìí àti nínú ìwé yín, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kọ̀ǹpútà ló ta béèsì. Bí òfin yín bá lè fàyè gbà á, ẹ má ṣe lé àwọn mẹ́rin jáde. Orin wọn dára, ohùn àti ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ṣe é. Ẹ má fìyà jẹ ẹnjiníà, iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ló ṣe.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú yàrá ìpàdé yín, lọ́jọ́ tó bá rọ̀ yín lọ́rùn. Màá gbé béèsì mi wá. Mo ti ránṣẹ́ sí onílù pé kó wá bá mi lù ú, kò tíì dáhùn. Bí kò bá wá, màá máa fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ fúnra mi. N kò wá gba ẹ̀bùn. Ó sì ṣeé ṣe kí ìka yìí já mi kulẹ̀, ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àbúrò mi ní òun kò fẹ́ kí n tẹ́. Àǹfààní láti tẹ́ gan-an ló gbà lọ́wọ́ mi, mo sì fẹ́ ẹ padà.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ ka ẹjọ́ mi.

Èmi ni tiyín ní òtítọ́,

Ìgbẹ̀yìnlódùn,
Aránṣọ, àti Oníbéèsì Ẹgbẹ́ Gìrìgìrì.