Orin Ògúndìran Kò Tíì Parí

Philomène, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ o, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Kùtọnu? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ohun tí etí wa kò fẹ́ nípa yín. Ìyá rẹ kí ọ, ẹsẹ̀ ṣì ń dùn ún. Àgbàdo kò burú lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ayé kò dùn mọ́ wa níbí. Bàbá rẹ Ògúndìran, ọ̀rẹ́ mi, ti kú.

O mọ̀ pé òun ló ń dá orin fún ẹgbẹ́ ọ̀wẹ̀ wa lóko Kpankou, tí àwa ń gbè é. Òun náà ló ń parí rẹ̀. A kò kọ́ bí ó ti ń ṣe é rí, torí ó wà níbẹ̀ láti máa ṣe é. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ lọ́sàn-án, kò sì parí. Bí apá kan bá dáké, apá kejì á tún gbé e. Ẹnu ń dùn wá, ojú ń tì wá níwájú àwọn àna rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí a ó ti sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ni mo bá rántí rédíò tí o fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn olórin inú rẹ̀ kì í parí orin bí ọmọlúàbí. Wọ́n á máa kọ ọ́ lọ, ohùn wọn á máa jìnnà, títí a kò fi ní gbọ́ wọn mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mo gbé omi sáré lọ sẹ́yìnkùlé kí n lè bu fún wọn mu, mo rò pé ọ̀nà Adakplamè ni wọ́n gbà. Mo wá sọ fún ẹgbẹ́ pé bí àwọn ọ̀mọ̀wé Kùtọnu ti ń ṣe é nìyẹn, kí a rẹ ohùn wa sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí a sì máa rìn lọ sílé.

Ọmọ mi, a ṣe é. A kò tíì rìn jìnnà tí Wùmí ìyàwó rẹ̀ fi sáré tẹ̀ lé wa, ó di aṣọ mi mú, ó ní ṣé èmi náà ń fi ọ̀rẹ́ mi sílẹ̀ ni. Ó ní báwo ni ọkọ òun yóò ṣe mọ̀ pé a ti sin ín tán bí a kò bá parí orin? N kò lè wò ó lójú.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kọ ọ́. Ó ń fa omi nínú kànga, ó ń kọ ọ́. Ó ń ro ẹ̀kọ, ó ń kọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ti há. Lóko, ìró ọkọ́ nìkan là ń gbọ́ báyìí.

Jọ̀wọ́, lọ sí ilé rédíò, kí o bi àwọn olórin náà pé, nígbà tí wọ́n bá jìnnà tí a kò gbọ́ wọn mọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń parí rẹ̀ níbẹ̀? Ó dá mi lójú pé wọ́n ń parí rẹ̀ níbì kan. Bí wọn yóò bá gbowó kí wọ́n tó sọ, bá mi san án, kí o sì fi owó píìlì ránṣẹ́, torí èyí tó wà nínú rédíò ti ń kú lọ, gbogbo orin ti ń jìnnà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́run gbé ọ sí ibi tí ire yóò ti máa bá ọ. O kò ní fojú sunkún ọmọ. Má bínú pé mo dúró níbí. Wùmí ti tún bẹ̀rẹ̀ nílé kejì, kò sì sí ẹni tó ń gbè é. Mo ń lọ gbè é.

Èmi ni bàbá rẹ,
Babalọlá