Ẹ̀wù Ìyá Ọkọ Mi Há Sínú Ẹ̀rọ Ìfọṣọ

                                        Storhaugvegen 14,
                                        Norheimsund,
                                        Hardanger.
                                        19 Oṣù Karùn-ún, 2019.

Åslaug, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni nǹkan lọ́hùn-ún? Roald ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti ń gbà kó gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n wà dáadáa? Mo mọ̀ pé òtútù ò tíì fi yín sílẹ̀ ní Bodø. Níbí, igi ápù ti tanná, ara gbogbo wa sì le, àfi Eivind ọkọ mi tó ń rìn bí akàn nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn ún. Jọ̀ọ́, jókòó kí n ròyìn fún ọ.

O rántí pé oṣù kìn-ín-ní ni Borghild, ìyá Eivind, fi wá sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó kẹ́yìn ni ẹ̀wù funfun tó rán fún Hedda ọmọ wa ní ọdún tó kọjá, èyí tí à ń wọ̀ sábẹ́ aṣọ ìbílẹ̀ wa. Lọ́dún yìí, Hedda ni ilé ẹ̀kọ́ wọn yàn pé kó gbé àsíá ṣáájú ìwọ́de ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù yìí, àjọ̀dún orílẹ̀-èdè wa. Ó ku ọ̀la ni mo tó yọ ẹ̀wù náà nínú àpótí. Kí ni mo rí lára rẹ̀? Tòmátò tí wọ́n fi jẹ sọ́sẹ́ẹ̀jì lọ́dún tó kọjá! Ojú tì mí, mo sáré jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Ẹ̀rọ ń kùn, omi ò wọlé. Eivind ní kí n bọ́ sẹ́yìn. Ó ní ọdún mẹ́sàn-án tí a ti ra ẹ̀rọ yìí, kò sí àtúnṣe tó kọjá agbára òun. Ó fà á kúrò lára ògiri, ibẹ̀ ni ẹ̀yìn rẹ̀ ti dún kàkà. Ó tú ẹ̀yìn ẹ̀rọ palẹ̀ fún odidi wákàtí kan kí n tó wo ẹnu ẹ̀rọ omi tó wà lára ògiri. Títì ni wọ́n tì í.

"Ta ló ti omi yìí?" ni mo bi í.

"Ẹni tó mọ̀ pé omi lè ba ilé jẹ́ ni."

Òun náà ni! A lọ ṣí ilé igi wa lórí òkè ní ìparí ọ̀sẹ̀, kò sì lè jáde nílé fún ọjọ́ méjì kó má ti gbogbo omi pa; ti ẹ̀rọ ìfọṣọ ló gbàgbé láti ṣí padà. Ẹ̀rù àwọn adójútòfò ń bà á ju ẹ̀rù Ọlọ́run lọ.

A ṣí omi, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ̀. Ó fọ̀ ọ́ dé ìdajì, ó bá dákẹ́. Omi kún inú rẹ̀, ilẹ̀kùn ò ṣí, ẹ̀wù Borghild sì ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́yìn gíláàsì. Eivind pa iná, ó tan iná. Ó yẹ rọ́bà omi wò bóyá ó ká, kò ká. Ló bá mú ọ̀bẹ tí a fi ń bó wàràkàṣì, ó fẹ́ fi ja ilẹ̀kùn. Ọ̀bẹ tẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ́ gíláàsì o! Aṣọ Màmá àgbà nìyẹn!" Hedda ti ń sunkún.

Ó ní pọ́ọ̀ǹpù ló kú, ó di ọjọ́ Ajé kí òmíràn tó dé. Mo ní kí n pe Gudrun, aládùúgbò wa, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó ní láéláé, a kì í da aládùúgbò láàmú nígbà tí ọdún ku ọ̀la. Mo ní agídí ò fọ aṣọ, mo sì lọ pè é.

Gudrun bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wo Eivind nílẹ̀.

"Eivind, ṣé o ti ṣí asẹ́?"

"Asẹ́ wo?"

"Ó tún ń bi mí ní asẹ́ wo! Yọ wáyà iná. Turid, gbé abọ́ pẹlẹbẹ wá, kó táwẹ́ẹ̀lì wá."

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ tí ọkọ mi ò mọ̀ rí. Gudrun ní kó tú asẹ́ tó wà níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi sì tú jáde títí ó fi bo ilẹ̀ balùwẹ̀. Åslaug, skúrù mẹ́rìnlá ló jáde, pẹ̀lú òjé ìpẹja méjì àti irun ajá wa. Wọ́n ní ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ti Eivind ò tiẹ̀ gba òwe, àpò ṣòkòtò rẹ̀ gan-an ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

"Mo ti ń wá eléyìí láti oṣù kẹta," ló wí, ó gbé skúrù kan sókè.

"Dókítà, ìwọ gan-an làìsàn," ni mo sọ, mo sì ń rẹ́rìn-ín.

Gudrun ò rẹ́rìn-ín. "Borghild ló kọ́ mi o. Gbogbo Sátidé tí o bá lọ pẹja, ibí ló ń dojú bolẹ̀ sí. Á kó skúrù rẹ jáde, á dà á padà sínú agolo iṣẹ́ rẹ. Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ fún ẹ, pé inú ẹ ń dùn pé o mọ ẹ̀rọ tọ́jú."

Eivind jókòó sínú omi náà, skúrù kún ọwọ́ rẹ̀. Kò sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú o, ṣùgbọ́n ó sunkún níbẹ̀. Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo di orí rẹ̀ mú mọ́ àyà mi.

A tan ẹ̀rọ padà. Nígbà tó ń fún aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó lọ sí ẹnu ọ̀nà, torí pé Eivind ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kan dọ́gba pẹ̀lú ìyókù nígbà tó dá a padà. "Jókòó lé e!" ni Gudrun pariwo. Eivind jókòó lé e, ó ń gbọ̀n pẹ̀lú omijé lójú, Hedda sì rẹ́rìn-ín títí ó fi dì mọ́ ògiri. Nígbà tó parí, a tún ẹsẹ̀ náà ṣe, mo lọ ẹ̀wù. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ wa gbé àsíá kọjá níwájú wa. Ohun ọ̀ṣọ́ fàdákà tí à ń fi sí àyà ẹ̀wù náà bo ìwọ̀nba àbàwọ́n tó kù.

Láná tó jẹ́ Sátidé, mo wá Eivind títí. Kò lọ pẹja. Nínú balùwẹ̀ ni mo ti bá a, ó dojú bolẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn tó ń dùn ún, abọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ṣí asẹ́. A ò tíì fọ aṣọ kankan láti ọjọ́ Alámísì. Mo rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Bá mi kí Roald, bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Gudrun ní kí n kí ọ. Má jẹ́ kí èsì pẹ́.

Tìrẹ ni mo ṣì jẹ́, bí ìgbà tí a jọ ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì,
Turid.